Ọjọ́ Mẹ́fà Lábẹ́ Ewé Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Tí oṣù kẹwàá bá ti wọlé ní Ìdànrè, imú ni èèyàn fi ń mọ̀ pé kòkó ti dé. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ojú ò tíì rí nǹkan kan, torí kùrukùru ti bo àpáta mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn kan á ti máa gba ẹ̀yìnkùlé wá. Ó kan bí ẹmu àná, ó sì tún dùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kọjá bó ṣe yẹ. Àlejò á bi ọ́ pé kí ló rà níbí. Kò sí ohun tó rà. Ẹnì kan ló ṣí ewé lórí kòkó rẹ̀, tó ń yí i.

Òórùn yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ kòkó lórí igi, wọ́n sì mọ̀ ọ́n nínú àpò. Ọjọ́ mẹ́fà tó wà láàárín ni wọn ò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọjọ́ mẹ́fà yẹn ló ń sọ hóró kòkó di kòkó. Ẹ gé hóró tútù jẹ kí ẹ wò ó: yóò korò, yóò fa ẹnu pọ̀, ẹ ò sì ní gbóòórùn ṣokoléètì kankan níbẹ̀. Oòrùn ò lè fún un ní òórùn yẹn. Iná tí wọ́n ń fi yan án lókè òkun pàápàá ò lè fún un, bí kò bá ti kọ́kọ́ sùn lábẹ́ ewé.

Ìdànrè kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn àpáta rẹ̀ ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, àpáta gàgàrà tó kàn yọrí láàárín igbó. Orí wọn ni àwọn baba ńlá ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lèèyàn ó sì gùn kó tó débẹ̀. Ní ọdún 2007, wọ́n kọ òkè náà mọ́ àwọn ibi tí Nàìjíríà ń fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún àgbáyé. Àwọn tó ń wá wò ó kì í pẹ́ lókè kí wọ́n tó máa ya fọ́tò igbó tó tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀. Ó máa ń wù mí kí n sọ fún wọn pé, ẹ jọ̀ọ́, èyí tí ẹ ń pè ní igbó yẹn, oko ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Láti Òdòdé dé Àlàdé dé Àtọ̀sìn, títí dé àwọn abà tí ọ̀kadà ń fi wákàtí rìn dé, kòkó ló wà lábẹ́ àwọn igi gíga yẹn. Ẹnì kan ló gbìn ín, orúkọ ẹnì kan ló sì wà lára ilẹ̀ náà.

Nígbà tí àwọn bàbá wa ń ṣán igbó láti gbin kòkó, wọn kì í gé gbogbo igi. Wọ́n á dá ìrókò sí, wọ́n á dá arère àti àyìnrẹ́ sí, wọ́n á gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín kí oòrùn má bàa jó ọmọ kòkó. Kòkó ò fẹ́ kí oòrùn pa á lórí, kò sì fẹ́ òkùnkùn biribiri. Ibòòji tí oòrùn ń yọjú nínú rẹ̀ ló fẹ́. Ewé tó ń wọ́ sílẹ̀ ní ìdí rẹ̀ náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Òdòdó kòkó kéré púpọ̀, ara igi gan-an àti ẹ̀ka tó ki ló ti ń yọ, oyin kì í sì í sábà yà síbẹ̀. Kantíkantí wẹ́rẹ́ kan tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ló ń gbé àtíkè láti orí òdòdó kan dé òmíràn, inú ewé jíjẹrà àti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà ni òun náà sì ń pamọ sí. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti ìlú ńlá dé, tó fi ọ̀sẹ̀ kan gbá oko bàbá rẹ̀ mọ́ tónítóní bí iwájú ilé ìwé. Tinútinú ló fi ṣe é. Àwọn àgbà ò bú u. Wọ́n ní kó lọ kó ewé náà padà.

Láti ìgbà tí òdòdó bá di èso títí tí yóò fi pọ́n, oṣù márùn-ún sí mẹ́fà ni. Òjò oṣù kẹfà àti ìkeje ló máa ń dán àgbẹ̀ wò jù láàárín àkókò yẹn, torí òun ló ń gbé àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú káàkiri. Àmì kékeré kan lónìí, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, odidi èso ti dúdú bí èédú. Ìdí nìyẹn tí aṣọ oko ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ní àbààwọ́n búlúù tí ọṣẹ ò ká: oògùn tó ní bàbà nínú ni wọ́n ń fọ́n, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́ta, níwọ̀n ìgbà tí òjò bá ń rọ̀.

Èyí tó bá bọ́ nínú ìyẹn ló máa di pupa rúsúrúsú. Èyí tí ọwọ́ bá tó, àdá ni wọ́n fi ń já a. Èyí tó wà lókè, ọ̀pá gígùn tí wọ́n de dòjé mọ́ lórí ni wọ́n fi ń fà á. Níbí ni wọ́n ti ń dá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe mọ̀ yàtọ̀ sí lébìrà tó kàn fẹ́ gbowó ọjọ́ rẹ̀. Ibi tí èso ti já lára igi, ibẹ̀ náà ni òdòdó ọdún tó ń bọ̀ á ti yọ. Ẹni tó bá fi irin họ ọ́ ti dí ojú yẹn pa. Ẹni tó bá sì já èyí tí kò tíì pọ́n mọ́ èyí tó pọ́n, kò tíì sí ṣúgà tó pọ̀ nínú rẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà tí mò ń sọ yìí ò sì ní lè wáyé dáadáa. Ọ̀kẹ́rẹ́ mọ èyí tó pọ́n ṣáájú olóko. Ihò rógódó kan ló máa dá sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, á fa omi dídùn rẹ̀ mu, á sì tu hóró sílẹ̀ nídìí igi, níbi tí ọmọdé tó ń pèéṣẹ́ ti máa wá a kàn.

Ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún fífọ́ kòkó, ọjọ́ ọ̀wẹ̀ ni. Lónìí tìrẹ, lọ́túnla tèmi. Àwọn ọkùnrin á ti kó èso jọ pelemọ sábẹ́ igi, àwọn obìnrin á yí i ká lórí àpótí, ìkòkò ọbẹ̀ á wà lórí ààrò, ìgbín tí wọ́n rí lójú ọ̀nà á sì ti wà nínú ọbẹ̀ náà. Ìyá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdá fọ́ kòkó níṣojú òun. Àdá máa ń gé hóró, hóró tó bá sì ti lanu, kòkòrò á wọlé, á bu. Kùmọ̀ ni kó o mú, kó o lù ú lẹ́ẹ̀kan ní ìbàdí, kó o sì yí i: á là sí méjì. Hóró bíi 30 sí 40 ló tò mọ́ ọ̀pá àárín, ohun funfun kan tó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ sì bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ohun funfun yẹn la máa ń lá ní kékeré, ó dùn, ó sì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá mi á ké láti ọ̀ọ́kán pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má lá a tán o! Ẹ tu hóró sínú agbọ̀n!" Mo rò nígbà yẹn pé ahun ló ń ṣe. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ohun funfun yẹn ni epo tí kòkó fi ń dáná fúnra rẹ̀.

Èèpo náà kì í ṣòfò. Wọ́n á sá a, wọ́n á sun ún, eérú rẹ̀ á sì lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń se ọṣẹ dúdú.

Nísinsìnyí, òkìtì. Wọ́n á to igi wẹ́wẹ́ sórí ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kí omi lè ráyè ṣàn jáde. Wọ́n á tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e, wọ́n á da kòkó tútù sí i gègèrè, wọ́n á fi ewé mìíràn bò ó dáadáa, wọ́n á sì gbé igi tàbí òkúta lé e kí atẹ́gùn má bàa ṣí i. Àwọn kan ń lo agbọ̀n, àwọn mìíràn ní àpótí pákó tó nihò nísàlẹ̀. Ewé ni bàbá mi ń lò, mi ò sì rí ohun tó kù fún ewé. Ohun kan tí kò ṣeé fi ṣeré ni pé òkìtì gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Kòkó tó kéré kì í gbóná, bí èèyàn méjì ò ṣe lè mú yàrá ńlá móoru. Mo ti rí àwọn obìnrin méjì tó da tiwọn pọ̀ sábẹ́ ewé kan, tí wọ́n fi agolo wọn ìpín oníkálukú kí wọ́n tó dà á, tí wọ́n sì pín in bẹ́ẹ̀ nígbà tó gbẹ.

Ní ọjọ́ kẹta, bàbá mi pè mí. Ó ká ewé kan sókè, èéfín fúyẹ́ kan sì yọ ní òwúrọ̀ tútù yẹn.

"Ti ọwọ́ bọ̀ ọ́."

Mo tì í bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, mo sì yára fà á yọ. "Bàbá, ó gbóná!"

"Ta ló dáná sí i?"

Mi ò rí ìdáhùn. Mo wo abẹ́ òkìtì bóyá mo máa rí èédú. Ewé tútù àti omi tó ń ṣàn bí omi ẹ̀kọ ni mo rí. Ọwọ́ mi ń yọ̀, ó sì ń rùn bí ẹmu.

Kò sí iná lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan abẹ̀mí tí ojú ò rí pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra. Ìwúkàrà ló kọ́kọ́ ń dé, láti ara ọwọ́ àwọn tó fọ́ kòkó, láti ara agbọ̀n, láti ara ewé. Àwọn ìbátan rẹ̀ ló ń sọ omi ọ̀pẹ di ẹmu. Yóò jẹ ṣúgà inú ohun funfun yẹn, yóò sì sọ ọ́ di ọtí. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ni ohun funfun náà ń yọ́, tó ń ṣàn lọ. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n á yí òkìtì, èyí tó wà nísàlẹ̀ á bọ́ sókè, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á bọ́ sáàárín, atẹ́gùn á sì wọlé. Atẹ́gùn yẹn ni àwọn mìíràn tí wọ́n kéré ju ìwúkàrà lọ ń dúró dè. Wọ́n á sọ ọtí di ọtí kíkan, iṣẹ́ yìí ló sì ń mú ooru jáde, tí inú òkìtì fi ń gbóná dé ìwọ̀n 45 sí 50 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Òórùn kíkan tí àlejò gbọ́ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ti ọtí kíkan yìí ni.

Ooru àti ìkan yìí á wọ inú hóró lọ. Hóró kòkó, ìrúgbìn ni. Tí ẹ bá jù ú sílẹ̀ tútù, á hù. Lábẹ́ ewé, á kú. Nígbà tó bá kú, àwọn ògiri tín-ín-rín tó pín inú rẹ̀ sí yàrá yàrá á wó, ohun tí kì í pàdé tẹ́lẹ̀ á pàdé, ìkorò rẹ̀ á sì dínkù. Àwọ̀ àlùkò tó wà nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ ilẹ̀. Níbẹ̀ ni ohun tí iná máa wá sọ di adùn ṣokoléètì ti ń wáyé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní hóró tí kò bá tíì kú lábẹ́ ewé kò lè ní adùn yẹn láéláé, bó ti wù kí ẹni tó yan án mọ iṣẹ́ tó.

Wọ́n á tún un yí ní ọjọ́ kẹrin. Ní ọjọ́ kẹfà, bàbá mi á mú hóró kan, á fi ọ̀bẹ là á ní òòró, á sì gbé e síta sójú ìmọ́lẹ̀. Tí omi pupa bí ẹni po osùn bá ń yọ lára rẹ̀, tí etí inú rẹ̀ sì ti ń di àwọ̀ ilẹ̀, ó ti tó. Tó bá fi kọjá ọjọ́ méje, òórùn yóò yí padà sí ti ẹran tó ti ń bàjẹ́. Iṣẹ́ rere ti di ìbàjẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́fà kò pọ̀ lójú ẹni tó jókòó sínú ilé. Lójú ẹni tó jẹ gbèsè, ó gùn bí ọdún. Oṣù kẹsàn-án ni ilé ìwé ń wọlé, kòkó ò sì tíì pọ̀ tó lórí igi. Lébìrà fẹ́ gbowó, oògùn tí wọ́n rà láwìn lóṣù kẹfà ti pé ìsan, onílẹ̀ ń retí ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀. Ọdún kan wà tí owó ilé ìwé mi pẹ̀lú ti ẹ̀gbọ́n mi le bàbá mi débi pé ọjọ́ kejì ló ká ewé kúrò, tó sì sá kòkó náà bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo bá a ru àpò náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rà á. Ọkùnrin yẹn ò là hóró kankan wò. Ó gbé e lé òṣùwọ̀n, ó sanwó kan náà tó san fún ẹni tó wà níwájú wa, tí ó fi ọjọ́ mẹ́fà bo tirẹ̀. Bàbá mi ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Mi ò dá àgbẹ̀ lẹ́bi. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Kòkó ìjọba ṣì wà, ayẹ̀wò lílekoko wà: wọ́n á là hóró, wọ́n á ka èyí tó bu, wọ́n á ka èyí tó ṣe eléérú nínú torí pé kò sùn lábẹ́ ewé, wọ́n á sì fi àpò sí ipò tó tọ́ sí i. Owó hóró yìí wà lára ohun tó gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn dúró ní 1955, òun ló sì bí Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní Ìbàdàn ní 1965. Ìgbìmọ̀ yẹn náà rẹ́ àgbẹ̀ jẹ nínú iye tó ń san, mi ò ní purọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba fagi lé e ní 1986, ẹnikẹ́ni tó lówó sì lè gbé òṣùwọ̀n jáde láti ra kòkó. Àgbẹ̀ rí owó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń là hóró wò ní ẹnu ọ̀nà abà pòórá. Ní 2024, nígbà tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, mo rí àwọn tó ń ra kòkó tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Bí ẹni tó ń rà á bá san náírà díẹ̀ lé e fún ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́fà bo tirẹ̀, kò sí àgbẹ̀ Ìdànrè tí kò ní ṣe é, torí kò sí èyí tí kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Sísá kù. Oòrùn ọ̀sẹ̀ kan, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹní ló dára, pẹpẹ tí wọ́n fi ọparun ṣe dára jù. Ọ̀pọ̀ ń sá a sórí sìmẹ́ǹtì iwájú ilé. Kòkó tí mo ń rí létí títì ọlọ́dà máa ń dùn mí, nítorí hóró kòkó máa ń fa òórùn mọ́ra, ti ọ̀dà ni, ti èéfín mọ́tò ni. Ẹni tó bá sì fi èéfín igi gbẹ ẹ́, òórùn èéfín yẹn ò ní kúrò nínú rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kò gbọ́dọ̀ gbẹ wàràwàrà, kí ìkan inú rẹ̀ lè ráyè jáde; wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ síwá sẹ́yìn, ìlà ẹsẹ̀ á sì hàn lára rẹ̀ bí ojú aporo.

Bí òjò bá ṣú lójijì, ẹ ò ní rí irú eré bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Ẹnì kan ṣoṣo á pariwo, "Òjò o!" gbogbo àdúgbò á sì tú síta, pẹ̀lú ìgbálẹ̀, pẹ̀lú páànù, pẹ̀lú tapólì. Obìnrin tó ń dirun lọ́wọ́ á dìde tòun ti ìdajì orí. Àwọn tó bá ara wọn jà láàárọ̀ á jọ di etí tapólì kan mú, ọ̀kan á ní, "Ẹ fà á sọ́dọ̀ yín, ìyá Bọ́lá, ẹ fà á!" Nígbà tí ọyẹ́ bá dé lóṣù kejìlá, ara á tu gbogbo èèyàn, torí òjò ti lọ, atẹ́gùn gbígbẹ á sì parí iṣẹ́ náà kíákíá. Tí omi inú rẹ̀ ò bá ju 7 tàbí 8 lọ nínú 100, ó ti gbẹ. Àgbẹ̀ á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fún un pọ̀ létí: á dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Nínú nǹkan bí 100 kílò kòkó tútù, bíi 40 ló máa kù.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó o sápò, ojú ìsákòkó jẹ́ ti ọmọdé. Hóró tó há sí ojú ìlà sìmẹ́ǹtì, èyí tó yí lọ sídìí ògiri, èyí tí ọ̀kẹ́rẹ́ tu sílẹ̀ lóko, pèéṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí àgbà tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí mo ṣa tútù kún agolo mílíìkì kan. Mo tẹ́ ewé kókò sẹ́yìn ilé, mo da hóró mi lé e, mo bò ó, mo sì gbé òkúta lé e lórí bí bàbá mi ṣe ń ṣe. Ní ọjọ́ kẹta, mo ti ìka bọ̀ ọ́. Ó tutù. Mo lọ sọ fún bàbá mi pé kòkó mi ò gbóná. Ó tẹ̀ lé mi dé ẹ̀yìn ilé, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, kò rẹ́rìn-ín. Ó kó o padà sínú agolo, ó gbé e lọ sídìí òkìtì tirẹ̀, ó ká ewé sókè, ó dà á sáàárín, ó sì bò ó padà. Nígbà tó ta kòkó náà, ó ka owó agolo kan sí mi lọ́wọ́.